Ìbọ̀wọ́ Àbúrò Mi

"Ọwọ́ yìí tutù," ni ilẹ̀kùn wí.

Mo tún gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e. Mo ti fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn láti ibùdókọ̀ títí wọ́n fi ń ta mí, àmọ́ kì í ṣe irú òtútù yẹn ni ilẹ̀kùn ń wí. Èmi náà mọ̀.

"Ọwọ́ yìí tutù. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí ọwọ́ yìí ti kan aláìsàn kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

"Ilé wo? Ṣé ilé bàbá rẹ ni?" Ohùn mi ti lọ sókè kí n tó rántí pé ilẹ̀kùn ni mò ń bá jà. "Pákó lásán-làsàn!"

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Dókítà tuntun ni gbogbo wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, rẹ́sídẹ́ńsì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ dókítà, ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ní ọ́síbítù Òkè-Ìtura, ohun kan náà tí èmi wá ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa kọjá." Mo yẹ̀ fún wọn. Bí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń kan ilẹ̀kùn ló ń sọ pé, "Ó gbóná, ẹ wọlé! Ó gbóná, ẹ wọlé!" bí ìyá tó ń polówó àkàrà. Èmi sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo di báàgì mi mú.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Fọláwẹ̀ fi jáde wá. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbayawu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà Fọláwẹ̀."

Mo mọ̀ pé pákó àti wáyà ni, síbẹ̀ ó dùn mí wọra pé ó mọ orúkọ rẹ̀.

Àbúrò mi ni Fọláwẹ̀. Ìyá kan, bàbá kan. Èmi ni mo kọ́ ọ ní orúkọ gbogbo egungun ọwọ́ nígbà tó ń sunkún pé kò wọ òun lórí. Ẹ wá wò ó báyìí: aṣọ aláwọ̀ ewé lọ́rùn, báàjì ń tàn láyà rẹ̀, ojú rẹ̀ wú fún àìsùn. Mo jowú aṣọ náà. Mo jowú báàjì náà. Mo jowú àìsùn náà pàápàá, torí èèyàn tí wọ́n ń wá ni wọn kì í jẹ́ kó sùn. Èmi ti sùn tó lọ́dún yìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Iṣẹ́ abẹ ló dá mi dúró."

"Kò burú. Ìwọ lo níṣẹ́."

Báàjì àyà rẹ̀ pọ́n wàì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ké bí òròmọdìẹ: "Ipò! Ipò!"

Fọláwẹ̀ yára fọwọ́ bò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ibí ni nǹkan yìí ń pè ní àgbà. Kò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá."

"Kí wá ni o fẹ́ kí n ṣe?"

"Ipò!" ni báàjì tún ké lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ kàn máa fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀. Níbí nìkan. Tí a bá délé, ẹ gbá mi létí."

"Kí n máa fi 'ẹ' bá ìwọ sọ̀rọ̀? Ìwọ Fọláwẹ̀?"

"Ipò! Ipò! Ipò!"

Mo gbé e mì. Ó dì mí lápá mú, ó sì fà mí wọlé. Ilẹ̀kùn ráhùn, àmọ́ ó gbà nítorí tirẹ̀.

Bí a ṣe ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń kí i. "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o." "Dókítà, ẹ ṣeun lánàá." Kò sẹ́ni tó kí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fún láyè rẹ́sídẹ́ńsì nínú ilé wa. Mo ti ra bàtà tí n óò máa wọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá wa, gbogbo ẹbí sì kọjú sí mi pé, "Àrínọlá, ìwọ ni àkọ́bí." Kò sẹ́ni tó kọjú sí Fọláwẹ̀. Wọ́n ní ó ṣì wà nílé ìwé, wọn ò fẹ́ dá a dúró. Èmi lọ sílé, òun ń gòkè. Màmá wa wá dolóògbé lọ́dún tó kọjá, mo gbọn ara mi nù, mo bẹ̀rẹ̀ sí ti ọ́síbítù kan bọ́ sí òmíràn. Gbogbo ilẹ̀kùn ló ń sọ ohun kan náà.

Yàrá tí Fọláwẹ̀ mú mi dé kò ní àga kankan. Yàrá ọwọ́ yíyá ni wọ́n ń pè é, ibi tí dókítà ti lè yá ẹni tí ilẹ̀kùn kọ̀ ní ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó ń rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Inú àjà ni Alákòóso ti ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí gbogbo ọ́síbítù náà, ohùn rẹ̀ sì dùn bíi ti ìyàwó tuntun.

"Dókítà Fọláwẹ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ yá ẹ̀gbọ́n yín ní ọwọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣìṣe nínú ìbọ̀wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ṣìṣe?"

"Mo mọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ ó di ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Àṣìṣe kan péré á dá a dúró."

"Mo ti ní mo mọ̀."

Èmi ò mọ̀. Kò sọ fún mi. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù! Ọmọ tí mo nu ikun imú rẹ̀! Mo wò ó, ó ń wo ilẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkòkò ọbẹ̀. Ó mọ̀ pé yóò dùn mí ni kò ṣe sọ ọ́, èyí tó sì wá dùn mí jù ni pé ó mọ̀.

"Dókítà Àrínọlá," Alákòóso kọjú ọ̀rọ̀ sí mi, "wákàtí òfo yín ti pọ̀ jù. Níbo lọwọ́ yín wà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

"Lára màmá mi."

"Ìbọ̀wọ́ wo lẹ wọ̀?"

"Ta ló ń wọ ìbọ̀wọ́ fọ ìdí ìyá rẹ̀?"

"Nígbà náà, mi ò rí i. Inú ìbọ̀wọ́ nìkan ni mo ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́."

Ohùn dídùn yẹn náà ló fi sọ ọ́. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe fún un.

"Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, orúkọ yín á kúrò láàárín àwọn dókítà, kò sì ní padà mọ́. Aláìsàn kan la máa fún yín. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe é. Ohun tí ìbọ̀wọ́ bá ṣe, ti ẹni tó ni ín ni. Ohun tí ẹ̀yin bá ṣe, tiyín ni. Dókítà Fọláwẹ̀ máa dúró síbẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ kúrò lójú kan."

Fọláwẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. Ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ó máa ń fà díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ṣe máa ń ṣe ló máa ń fẹ́ kí èèyàn ṣe. Ẹ má bá a jà."

Ẹ má bá a jà, ó ní! Mo fà á sọ́wọ́. Orí àwọn ìka rẹ̀ ti fẹ́ já nítorí lílò. Tèmi tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìbúra ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá wá, nínú àpótí aṣọ mi nílé.

Bàbá Oyèdijì ni aláìsàn tí wọ́n mú wa lọ bá ní yàrá kejì ń jẹ́. Awakọ̀ típà ni wọ́n kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, ó ń ta dé ìhà òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì tọ́jú agolo aáṣáà sábẹ́ ìrọ̀rí, ibi tí wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Alákòóso ti yẹ̀ wọ́n wò kí a tó dé.

"Òkúta inú kíndìnrín ni," ni Alákòóso wí. "Omi púpọ̀, oògùn ìrora, kí wọ́n máa lọ sílé. Dókítà, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n." Mo yíjú sí àgbàlagbà náà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ kú ìnira."

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo na ọwọ́ sí ikùn wọn. Ìbọ̀wọ́ fà mí. Kì í ṣe ọ̀nà ikùn ló fà sí o, ìsàlẹ̀ ló ń fà mí lọ, sí etí bẹ́ẹ̀dì. Mo fà á padà. Ó tún fà. Bàbá Oyèdijì rí obìnrin tó nà ró lókè orí wọn tó ń bá ọwọ́ ara rẹ̀ jìjàkadì, wọ́n sì mú ikùn le bíi pátákó. Kò sí ohun tí ìka lè gbọ́ nínú ikùn tó le báyẹn.

"Ìbọ̀wọ́ rẹ ti bàjẹ́," mo sọ fún Fọláwẹ̀ tó dúró lódìkejì bẹ́ẹ̀dì.

"Ipò!" ni báàjì dá mi lóhùn. Òfin ti dí Fọláwẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó kàn di ètè pọ̀, ó ń wò mí.

Bàbá Oyèdijì wò mí láti òkè délẹ̀. "Àbí ìwọ kọ́ ni dókítà tó ń kúnlẹ̀ yẹn?"

"Dókítà wo, Bàbá?"

"Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní dókítà obìnrin kan wà níbí, bó bá fẹ́ yẹ èèyàn wò, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tì í, bí ọmọ tó wá kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní kó tó fọwọ́ kàn ọ́ lara á ti tù ọ́. Òun ni mo ní kí wọ́n bá mi pè."

Àṣé! Ìbọ̀wọ́ kò bàjẹ́. Ibi tí orúnkún Fọláwẹ̀ máa ń wà ló ń wá.

Ẹ wo ibi tó gbé mi sí. Kí n kúnlẹ̀ fún Bàbá Oyèdijì, kò sí wàhálà, wọ́n tó bàbá tó bí mi lọ́mọ. Àmọ́ ọ̀kánkán mi gan-an, lódìkejì bẹ́ẹ̀dì tí kò ga ju itan lọ, Fọláwẹ̀ ló dúró sí, nínú aṣọ tó yẹ kó jẹ́ tèmi. Bí mo bá kúnlẹ̀, òun ni n óò kúnlẹ̀ kọjú sí. Kí n wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kí n fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀, kí n tún wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tirẹ̀ ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń yìn! Ó tì o. Ẹ̀jẹ̀ mi ń hó.

Èrò kan wá sí mi lọ́kàn, mi ò sì lé e. Kí n kàn fara mọ́ òkúta kíndìnrín. Bó bá jẹ́ òótọ́, mo ti wọlé láì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí kì í bá ṣe òótọ́, orúkọ mi tó ti fẹ́ kúrò tẹ́lẹ̀ á kúrò, ṣùgbọ́n Fọláwẹ̀ náà ò ní di ọ̀gá wọ́ọ̀dù mọ́. Àwa méjèèjì á jọ wà nílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó dùn mọ́ mi. Mo dúró níbẹ̀, mo ń jẹ adùn rẹ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lórí ikùn bàbá olóbàbá.

"Dókítà, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?" ni Alákòóso tún bi mí.

Mo lanu láti dáhùn. Bàbá Oyèdijì di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, "ẹ̀yìn mi ń ya."

Òógùn ti bo iwájú orí wọn. Mo wá kíyè sí ohun tó yẹ kí n ti rí látẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí òkúta kíndìnrín bá ń ṣe kì í lè sùn jẹ́ẹ́, á máa yí gbirigbiri ni. Bàbá yìí kò mira rárá, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá mira, nǹkan kan á já.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló mú mi kúnlẹ̀ o, ìbínú ni. Ìbínú sí Fọláwẹ̀, sí ara mi, sí ẹ̀rọ tó ń fi ohùn dídùn rán èèyàn lọ sílé. Orúnkún mi gbá ilẹ̀ gbì, mi ò sì gbójú sókè rárá.

Ìbọ̀wọ́ dákẹ́. Kò fà mọ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ dáadáa," ni Bàbá wí, wọ́n mí síta, ikùn wọn sì rọ̀. Ojú mi ti wá bá ikùn náà dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Lókè ìdodo, ohun kan ń gbé awọ ikùn wọn sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún ń gbé e sókè. Ẹni tó bá nà ró kò lè rí i. Àwọn ìka tẹ́ ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láì tẹ̀ ẹ́. Bí ọkàn Bàbá ṣe ń lù ló ń tì wọ́n jìnnà síra wọn.

"Kì í ṣe òkúta!" Mo pariwo. "Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn wọn ló wú, ó sì fẹ́ bẹ́! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde! Ẹ pe àwọn oníṣẹ́ abẹ, kíá!"

"Mo tún un wò," ni Alákòóso wí. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀dì náà fúnra rẹ̀ yí padà, ó gbé Bàbá Oyèdijì, ó sì sáré jáde pẹ̀lú wọn. Títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀ ni mò ń gbọ́ ohùn wọn tí wọ́n ń béèrè agolo aáṣáà.

Èmi àti Fọláwẹ̀ dúró ní yàrá òfo yẹn. Òfin kò tíì gbà á láyè láti sọ̀rọ̀. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ lójú fèrèsé nígbà tí Alákòóso tó fọhùn.

"Iṣẹ́ abẹ ti parí. Aláìsàn yè é. Ó ku ẹni tí mo máa kọ iṣẹ́ náà sí lórúkọ. Mo rí i pé ìbọ̀wọ́ ń fà sílẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀. Láti orúnkún dé orí ìka, bí Dókítà Fọláwẹ̀ ṣe máa ń ṣe ni. Nítorí náà, ti Dókítà Fọláwẹ̀ ni. Dókítà Àrínọlá, ẹ kú ìgbìyànjú."

Èyí náà! Orúnkún tèmi ló gbá ilẹ̀, òun ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ojú mi ṣú. Mo ti bọ́ ìbọ̀wọ́ náà dé ìdajì, mo fẹ́ jù ú lù ú láyà, kí báàjì rẹ̀ máa ké títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Kì í ṣe tèmi," ni Fọláwẹ̀ wí.

"Dókítà Fọláwẹ̀, ọ̀nà yín ni. Mo ti ń rí i láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé."

"Ta lo rò pé ó kọ́ mi?" Ó nàka sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Gbogbo ọdún tí o ń pè ní òfo yẹn, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá wa. Tí mo bá lọ sílé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wò wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tí ìbọ̀wọ́ mi ń rántí, tiwọn ni."

"Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni ilẹ̀kùn máa tì síta," ni Alákòóso wí. "Dókítà Àrínọlá, ṣé òótọ́ ni?"

Irọ́ ni. Orí àpótí ni mo máa ń jókòó sí ti màmá wa, n óò kọ ẹ̀yìn sí ògiri, inú á máa bí mi. Mo fọ̀ wọ́n, mo fún wọn lóúnjẹ, mo máa ń yí wọn kí ara wọn má bàa bó, mi ò fi wọ́n sílẹ̀ rí. Àmọ́ mi ò kúnlẹ̀. Fọláwẹ̀ ló máa ń kúnlẹ̀. Sátidé tó bá wá, á ju báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á kúnlẹ̀, á gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ tiwọn, màmá wa á sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọn kì í rẹ́rìn-ín sí mi. Èmi ni mò ń nu itọ́ ẹnu yẹn láti ọjọ́ Ajé, Fọláwẹ̀ á wá gba ẹ̀rín rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni ìlara yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́síbítù kankan.

Mo wo ojú rẹ̀. Ó mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa pé òun ló ń kúnlẹ̀, ó sì ń fojú bẹ̀ mí pé kí n gbà á.

"Dókítà Àrínọlá?"

Ojú fèrèsé ti pọ́n. Bí mo bá sọ òótọ́, àwa méjèèjì ti lọ nìyẹn. Bí mo bá parọ́, tèmi ni.

"Òótọ́ ni," mo wí.

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni Alákòóso wí. "Dókítà Àrínọlá ló máa ń kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀. Dókítà Fọláwẹ̀ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àyè rẹ́sídẹ́ńsì ti di tiyín."

Fọláwẹ̀ fò mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti wọlé!" Gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n fún ayọ̀. Mo wò ó bóyá ibì kankan wà tó ń dùn ún nínú rẹ̀, mi ò rí. Mo ti gba àyè tí mo ń wá, mo sì ti gba ohun kan ṣoṣo tí màmá wa fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí mi, mo gbà á títí ayé. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Àmọ́ bó ṣe dì mọ́ mi yẹn, ohun tí mò ń bi ara mi ni pé báwo ló ṣe rọrùn fún un tó báyìí láti fi í sílẹ̀ fún mi, mo sì ń jowú ìyẹn náà.